Ẹ Fi Èèrà Bẹ̀rẹ̀ Ná, Kí Ẹ Tó Ra Róbọ́ọ̀tì

Ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Agége, tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi róbọ́ọ̀tì kan hàn mí nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Mo bi tíṣà pé ìgbà wo làwọn ọmọ ń lò ó. Ó ní ọjọ́ tí àwọn òbí bá wá ṣèpàdé ni wọ́n máa ń gbé e jáde. Owó àwọn òbí yẹn náà ni wọ́n sì fi rà á o!

Èmi ò rò pé orí róbọ́ọ̀tì ló yẹ kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ coding. Ẹ wo èèrà tó tò wá sídìí ṣúgà. Kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wọn. Èyí tó bá rí oúnjẹ á máa fi òórùn sílẹ̀ bó ṣe ń padà sílé. Èyí tó bá gbọ́ òórùn náà á tẹ̀ lé e, òun náà á sì fi tiẹ̀ kún un. Tí oúnjẹ bá tán, òórùn á lọ, ìlà á tú ká.

Àpẹẹrẹ èèrà yìí wà nínú NetLogo, software ọ̀fẹ́ tí Uri Wilensky gbé jáde lọ́dún 1999. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, kò nílò dátà mọ́. Ohun tí ọmọ máa kọ kò ju báyìí lọ: tí o bá rí oúnjẹ, gbé e; tí o bá gbọ́ òórùn, tẹ̀ lé e; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa rìn kiri; lẹ́yìn náà, tún un ṣe. Kó wá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, ìyẹn bí òórùn ṣe ń yára lọ sí. Tó bá yára jù, kálukú èèrà á máa dá rìn. Tó bá pẹ́ jù, ìlà á ṣì wà níbi tí oúnjẹ ti tán. Ojú ara rẹ̀ ló máa fi rí i.

Ìgbà yẹn ni róbọ́ọ̀tì wá wúlò. Ẹ ra mọ́tò kékeré méjì, táyà, bátìrì àti Arduino ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ ní kó lọ tààrà. Kò ní lọ tààrà! Mọ́tò méjèèjì ò lágbára bákan náà, bátìrì ń rẹ̀, sìmẹ́ńtì ò sì dán bíi táìlì. Àfi kí ọmọ fi sẹ́ńsọ̀ sí i, kó lè máa yẹ ọ̀nà wò ní gbogbo ìgbà, bí èèrà ṣe ń gbóòórùn.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Grey Walter kan róbọ́ọ̀tì ní Bristol tó ń tẹ̀ lé iná, ó sì pè wọ́n ní ìjàpá. Lọ́dún 1967, Seymour Papert, ọmọ South Africa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Logo ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ ti ń pàṣẹ fún ìjàpá pé kó lọ síwájú, kó yà sọ́tùn-ún. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀, ó ti dé Dakar. Àwa tá a ni àlọ́ ìjàpá ńkọ́?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún tíṣà yẹn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ò sí lọ́wọ́ òun.