Pride House

Pride House ni orúkọ tí a ń pe ibùdó ìgbàlejò tí wọ́n máa ń ṣí ní àsìkò ìdíje eré ìdárayá àgbáyé fún àwọn eléré ìdárayá, olùkọ́ni àti òǹwòran tí ìfẹ́ wọn jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, àti fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ìdíje, tí wọ́n ti ń jíròrò, tí wọ́n sì ti ń ṣe fàájì láìsí ìbẹ̀rù. Wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe ilé àlejò tí àwọn orílẹ̀-èdè máa ń ṣí fún àwọn ènìyàn wọn nígbà Òlíḿpíìkì.

Ìdí tí ó fi wà

Ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ni ó ń fi irú ẹni tí wọ́n jẹ́ pamọ́. Justin Fashanu, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1961, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kéde ní ọdún 1990 pé òun ń fẹ́ ọkùnrin bíi tòun. Ó kú ní ọdún 1998, ọdún 12 ṣáájú kí Pride House àkọ́kọ́ tó wà.

Ìtàn

Vancouver àti Whistler ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i, nígbà Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù ọdún 2010. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Rọ́ṣíà kọ̀ láti forúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje Sochi ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí ìpinnu náà ní ọdún 2012. Lẹ́yìn odi Rọ́ṣíà ni àwọn alátìlẹ́yìn ti wá ṣí i. Ti Tokyo, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, kò kógbá sílé lẹ́yìn ìdíje.

Nàìjíríà àti ìdíje Commonwealth

Ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀. Òfin náà kò mọ sórí ìgbéyàwó nìkan: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tí ó ń darí rẹ̀, tàbí tí ó ń bá wọn kópa nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí irú ilé yìí ní Ìbàdàn tàbí níbikíbi ní Nàìjíríà lè rí ẹ̀wọ̀n he.

Ní oṣù keje ọdún kan náà, àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà lọ sí Glasgow, níbi tí Pride House àkọ́kọ́ nínú ìdíje Commonwealth ti wáyé. Ohun tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nílé jẹ́ ibùdó àlejò lásán ní ìlú tí wọ́n lọ. Òfin ilé sì ń dúró de ẹni tí yóò padà.

Birmingham náà ní Pride House tirẹ̀ ní ọdún 2022. Níbi ayẹyẹ ìṣíde, Tom Daley, olùbẹ́sómi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọlé pẹ̀lú àwọn agbásíà aláwọ̀ òṣùmàrè, tí Bisi Alimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára wọn. Nígbà náà, orílẹ̀-èdè 35 nínú 56 tí ó wà nínú Commonwealth ṣì ka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn.