Gáàsì di eérún, eérún di ìkùukùu: ohun tí ìṣirò rí kí ojú tó rí i

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ní Yunifásítì Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò kan. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé gáàsì amíìnì, tó máa ń wá láti ara ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn àti ẹja tó ń jẹrà, lágbára ju amóníà lọ láti ran ásíìdì inú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kó di eérún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àdánwò ní CERN, ibùdó ìwádìí kan nítòsí Geneva, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Oru omi tó wà lófuurufú kì í ṣàdédé di òjò. Ó gbọ́dọ̀ rí eérún kan dì mọ́ kó tó di ẹ̀kán omi. John Aitken, ọmọ Scotland, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí hàn, ní nǹkan bí ọdún 1880. Àwọn eérún kan wà tí ilẹ̀ àti òkun ń fún afẹ́fẹ́: eruku Sàhárà tí ọyẹ́ ń gbé wá bá wa, iyọ̀ òkun, èéfín igbó jíjó. Àwọn mìíràn, inú afẹ́fẹ́ gan-an ni wọ́n bí wọn sí, láti ara gáàsì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 eérún tí ìkùukùu ìsàlẹ̀ ń dì mọ́ kárí ayé ló jẹ́ irú èyí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bí wọn?

Nígbà tí èédú bá jó tàbí tí òkè ayọnáyèéfín bá bú, gáàsì sulphur dioxide á jáde, oòrùn á sì ràn án lọ́wọ́ láti di ásíìdì sọ́fúríkì. Igi kan kì í dágbó ṣe: mólíkù ásíìdì kan ṣoṣo kò lè di eérún. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé, wọ́n tún lè tú ká lójú ẹsẹ̀. Àfi kí ohun kan so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ amíìnì nìyẹn. Ásíìdì á yọ prótọ́ọ̀nù kan fún un, iná inú àwọn méjèèjì á wá yàtọ̀ síra, wọn á sì fa ara wọn mọ́ra gírígírí. Amóníà náà ń gba prótọ́ọ̀nù, àmọ́ ìdìmú tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe?

Ìdì mólíkù bẹ́ẹ̀ kò ju nánómítà kan tàbí méjì lọ. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló sì wà nínú mílímítà kan. Kò sí awò tó lè fi hàn wá bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú rẹ̀ bó ṣe ń fò kiri. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ń lo ìlànà tí onímọ̀ físíìsì Schrödinger gbé kalẹ̀ ní 1926 nípa ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ọ̀nà àbùjá tí Walter Kohn gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1998. Wọ́n á dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtò wò, wọ́n á mú èyí tó fìdí múlẹ̀ jù, wọ́n á wá ṣírò agbára tó lè tú u ká.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Bí ìṣirò bá fi kílókálórì kan péré yẹ̀ lórí móòlù kan, iye ìgbà tí ìdì náà ń tú ká lè fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún yàtọ̀ sí òótọ́. Bí átọ́ọ̀mù sì ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń di púpọ̀ gan-an.

Síbẹ̀, ìṣirò ọdún 2008 yẹn tọ̀nà. Nínú àgbá irin CERN, tó gba mítà kúbíìkì 26, wọ́n rí i ní 2013 pé bí dimethylamine, ọ̀kan lára àwọn amíìnì, bá ti ju mólíkù mẹ́ta lọ nínú tírílíọ̀nù kan mólíkù afẹ́fẹ́, eérún tuntun lè fi ìlọ́po tó ju 1,000 lọ pọ̀ ju ti amóníà.

Ìkùukùu ń dá oòrùn padà, ó sì ń rọ òjò. Ẹni tí kò bá mọ bí eérún ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò lè sọ dáadáa bí ojú ọjọ́ ayé yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, ní 2016, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní DACCIWA fi ọkọ̀ òfuurufú láti Lomé àti ibùdó ní Ilé-Ifẹ̀, Savè àti Kumasi wo èéfín àti ìkùukùu wa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn yunifásítì wa pèsè kọ̀ǹpútà alágbára àti iná tí kì í kú fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè ṣírò afẹ́fẹ́ tí àwa fúnra wa ń mí.