Prínǹtà tí Kọ̀ǹpútà Rí, tí Kò Lè Bá Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti prínǹtà rìsíìtì ìyá aláṣọ wa kan níbí ní Sabon Gari, torí ẹni mẹ́ta ló ti bi mí nípa irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Linux ló wà lórí láptọ́ọ̀pù wọn, ọmọ wọn ló fi sí i. Àárọ̀ Sátidé, oníbàárà ti pé, prínǹtà ò dáhùn. Ẹnì kan ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n ti ń kawó! Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

Mo tẹ lsusb, orúkọ prínǹtà jáde. Wáyà ò ní àbùkù nìyẹn. Mo tẹ ls /dev/usb/lp0, ó ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kernel ni ọ̀gá inú Linux, òun ló ń bá gbogbo irin tá a kì bọ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ìgbà tá a kọ́kọ́ dé Kánò, tá a ò gbọ́ Háúsá? Oníbàárà dé, a rí i, a rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ a ò lè nájà àfi tí ògbufọ̀ bá wà. Ògbufọ̀ kernel fún prínǹtà USB ni usblp. Òun ló ń ṣí /dev/usb/lp0, ibẹ̀ gan-an sì ni ètò rìsíìtì màmá ń kọ̀wé sí.

Mo fi sudo modprobe usblp pè é. Ó ní òun ò rí i. Mo tẹ uname -r kí n mọ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo tún tẹ ls /lib/modules. Nọ́ńbà wọn ò bára mu! Ọmọ náà ló gbé láptọ́ọ̀pù relé lálẹ́, ó tàn án, ó ṣe update, ó kàn pa ìdérí ẹ̀ dé. Kernel àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ update ti kó àwọn ògbufọ̀ ẹ̀ dànù. Prínǹtà ò sí nílé, torí náà kò tíì pe usblp wọlé kí wọ́n tó kó o lọ. (Kì í ṣe gbogbo Linux ló ń ṣe báyìí o, àwọn míì máa ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀.) A pa á, a tún un tàn. Rìsíìtì jáde.

Tí nọ́ńbà bá bára mu, tí usblp ò sì sí, ẹ tẹ grep CONFIG_USB_PRINTER /boot/config-$(uname -r). Tó bá ní "is not set", ẹni tó ṣe kernel yẹn ló yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi kernel míì tó ní in sí i. Tí /dev/usb/lp0 bá wà tó ń sọ "Permission denied", ẹ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ lp, kẹ́ ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé.

Àmọ́ tó bá jẹ́ CUPS lẹ fi ń tẹ̀wé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí usblp. CUPS lè gba ọ̀nà libusb bá prínǹtà sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò ohun tí uname -r àti ls /lib/modules bá gbé jáde, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó kankan.