Intervene: ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tan àwa tí a fi Faransé kàwé

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: intervene. Èdè Látìn ló ti wá, inter ni "àárín", venire ni "wá". Níbẹ̀ náà ni intervenir ti Faransé ti wá, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rò pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹnìkan bá nawọ́ ní ìpàdé tó sì sọ èrò rẹ̀, Faransé á ní il est intervenu. Bí a bá kọ he intervened sínú ìwé ìdánwò, ohun tí onígẹ̀ẹ́sì sábà máa gbọ́ ni pé àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀, ó sì lọ dá sí i. He spoke ló yẹ ibẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Yorùbá, ìjà ni a ń là, ọ̀rọ̀ ni a ń dá sí. The police intervened: àwọn ọlọ́pàá là wọ́n. (Ẹ má ṣe pa dá sí yìí pọ̀ mọ́ "Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí". Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni àbọ̀ wọ àárín rẹ̀!) Ṣùgbọ́n the intervening years kò ní ìjà nínú: àwọn ọdún tó wà láàárín ni.

Ibi tó ṣòro jù ni ìyàtọ̀ intervene àti interfere. Ẹni tó tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló ń interfere. Dá sí ti Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: "Bàbá ló bá wa dá sí i" dára, "Ta ló ní kó dá sí i?" ti di ìbáwí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun CEDEAO wọ Gáńbíà nítorí pé Yahya Jammeh, tó fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù kejìlá ọdún 2016, kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó fara mọ́ ọn á kọ intervene; ẹni tó lòdì sí i á kọ interfere. Ogun kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ túmọ̀ dá sí níbẹ̀ ti gbè sẹ́yìn apá kan kó tó parí gbólóhùn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Interfere with tún yàtọ̀: dí nǹkan lọ́wọ́ ni. Ariwo lè interfere with ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ariwo kì í intervene nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu, Ṣábẹ tàbí Àjàṣẹ́ wá, báwo ni ẹ ṣe ń pe ẹni tó ń là wọ́n lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ wá fún wa.