BÍ APÁ BÁ Ń DÙN, TÍ ỌWỌ́ SÌ Ń KÚ

Ẹ̀yin ìyá wa ní ilẹ̀ Kàbà, bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè láti di irun tàbí láti hun aṣọ, tí apá ń dùn yín, tí ìka ọmọńdinrín sì ń kú, ẹ má ṣe rò pé àsàsí ni.

Iṣan ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí apá ń gba ọ̀nà tóóró kọjá láàárín egungun iwájú èjìká àti egungun ìhà àkọ́kọ́. Bí ọ̀nà náà bá fún, iṣan á há. Àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ní thoracic outlet syndrome. Ẹrù wúwo lè fà á. A sì bí ẹlòmíràn pẹ̀lú àlékún egungun ìhà ní ọrùn.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò. Eré ìmárale fún ọrùn àti èjìká, tí a bá fi oṣù mélòó kan ṣe é, ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn díẹ̀ ni ó nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa ọrùn yín.

Bí apá bá wú lójijì, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó tutù, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan: ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe pe ìyá ní ọ̀lẹ; ẹ bá a ru ẹrù rẹ̀.