ÀKỌSÍLẸ̀ ẸGBẸ́: LÁTI ỌWỌ́ AKÁPÒ DÉ ỌWỌ́ ÌGBÌMỌ̀ ÀPAPỌ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn kan nínú yín máa ń béèrè ohun tí à ń fi oríṣiríṣi ìwé tí akọ̀wé ń kọ ṣe. Ìdí ni a ti ń gun igi, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èkínní ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá san owó, akápò yóò já rìsíìtì fún un, yóò sì kọ iye náà sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé owó àti lẹ́jà. Bákan náà ni ti àwọn àgbẹ̀ kòkó: bí àpò bá ti gun òṣùwọ̀n, a ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ìwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé wọ̀nyí ni láti rántí.

Èkejì ni àkójọ oṣooṣù, tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àti yúníọ̀nù ń lò. Alága kò ní ka gbogbo rìsíìtì. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ 40 ń fi ₦5,000 pamọ́ lóṣooṣù: ₦200,000 ni ó yẹ kí ó wọlé. Bí àkójọ bá fi ₦185,000 hàn, ó lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta kò san, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n san ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò tí a fi ń ṣe ìpinnu. Bí ẹni 40 wọ̀nyí bá ti fi ọdún kan pamọ́, ₦60,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,400,000. Bí a bá ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì owó rẹ̀, ẹni 20 ni yóò rí owó yá. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ẹni 13 péré ni. Kọ̀ǹpútà a máa ṣe irú ìṣirò yìí kíákíá, ṣùgbọ́n àwa ni a ó yan èyí tí ó tọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti Àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aṣáájú ibẹ̀ ń wò pọ̀, wọ́n sì ń wo ìta pẹ̀lú: òfin ìjọba, èlé báńkì àti iye tí irè oko ń tà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tú àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ká ní 1986, ọjà ni ó wá ń pinnu iye kòkó. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ ohun tí ń lọ lọ́jà kò lè gba àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ nímọ̀ràn.

Ẹ kíyè sí i pé inú èkínní ni mẹ́ta yòókù ti ń jẹun. Ní ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀, ìyá kan san owó fún oṣù 12, ṣùgbọ́n oṣù 9 ni akọ̀wé kọ sínú lẹ́jà. Iye inú lẹ́jà ni wọ́n gbé lọ sí yúníọ̀nù, òun ni wọ́n sì fi dín owó tí ìyá náà fẹ́ yá kù. Kò sí ẹni tí ó purọ́ lókè. Ìsàlẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Rìsíìtì mẹ́ta tí ó tọ́jú ni ó gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe san owó láìgba rìsíìtì. Ẹ mú ìwé ọwọ́ yín wá sí ìpàdé, kí ẹ sì ní kí akọ̀wé fi í wé lẹ́jà lójú yín. Kì í ṣe àìfọkàntán. Owó gbogbo wa ni a ń ṣọ́.