Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì New York bá ìjọba ìlú wọn ṣẹjọ́ lórí owó ìlera

Ìlera loògùn ọrọ̀, àwọn tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pa iná, tí wọ́n kó ilẹ̀ ìgboro, tí wọ́n sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó oṣù ìjọba kì í tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tó ń tu ọ̀pọ̀ wọn nínú ni pé ìjọba ìlú ló ń san owó adójútòfò ìlera wọn, tí yóò sì máa san án lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì. Àfi bó ṣe di ọdún 2021 tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yí ètò náà padà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Fiorello La Guardia jẹ́ méyọ̀ ìlú náà, láàárín ọdún 1934 sí 1945, ni wọ́n ti gbèrò ètò ìlera kan tí wọ́n ń pè ní HIP. Ọdún 1947 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà náà, ìjọba ìlú ń san ìdajì, òṣìṣẹ́ ń san ìdajì. Nígbà tó di ọdún 1967, òfin ti gbé gbogbo rẹ̀ lé ìjọba lórí. Ohun tí òfin náà, tí wọ́n ń pè ní 12-126, wí ni pé ìjọba ìlú ni yóò san gbogbo owó adójútòfò ìlera òṣìṣẹ́, ti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti ti àwọn tó gbójú lé wọn, bí kò bá ti ju iye tí HIP ń gbà lọ.

Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí nílé níbí yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Nígbà tí ètò NHIS bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2005, ohun tí wọ́n là kalẹ̀ ni pé agbanisíṣẹ́ yóò san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gangan, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 5 kún un. Àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìlú New York, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn kan tí òbí wọn wà nílé.

Ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 65, ìjọba àpapọ̀ máa ń fi Medicare tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Medicare kì í san tán. Bí dókítà bá tọ́jú aláìsàn tí kò gba bẹ́ẹ̀dì, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni Medicare sábà máa ń san. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìjọba ìlú New York ń ra adójútòfò mìíràn lé lórí fún àwọn àgbàlagbà rẹ̀.

Owó yìí ló wọ ìjọba lọ́rùn. Òun àti àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹnu kò pé kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó tó 250,000 lọ sínú Medicare Advantage. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń darí irú ètò yìí, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń fún un lówó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìlú yóò rí 600 mílíọ̀nù dọ́là fi pamọ́ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sínú ètò àtijọ́, kó máa san dọ́là 191 lóṣooṣù. Tọkọtaya, ìlọ́po méjì.

Àwọn àgbàlagbà fárí gá. Kì í ṣe owó nìkan ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Nínú ètò tuntun náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwọn ìtọ́jú kan kí dókítà tó ṣe é. Ta ni ẹni 80 ọdún tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá fínra yóò máa bá fa ìwé? Ohun tó tún dùn wọ́n ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn sìn ló jókòó pẹ̀lú ìjọba. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Marianne Pizzitola, tó ti ṣiṣẹ́ pàjáwìrì rí lọ́dọ̀ àwọn panápaná, ni ààrẹ rẹ̀. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì gba ilé-ẹjọ́ lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Adájọ́ Lyle Frank ní ìjọba kò lè gba dọ́là 191 náà, torí pé òfin 12-126 kò fàyè gbà á. Ìjọba wá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú yí òfin náà padà, wọn kò gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó bá ilé-iṣẹ́ Aetna tọwọ́ bọ̀wé, ó sì fẹ́ fòpin sí ètò àtijọ́ pátápátá. Adájọ́ Frank tún dá a dúró ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York dá àwọn àgbàlagbà láre lórí dọ́là 191. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dá ìjọba láre lórí ọ̀rọ̀ Aetna. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti parí. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni Eric Adams, tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà, kéde pé òun kò ní lo àǹfààní náà mọ́, kí àwọn àgbàlagbà máa bá ètò wọn lọ.

Ìjọba wá ibòmíràn gbà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ti bọ́ sínú ètò tuntun tí EmblemHealth àti UnitedHealthcare ń darí, láìsí pé wọ́n ń yọ owó adójútòfò nínú owó oṣù wọn.

Ní ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ètò wọn àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu méyọ̀ tó ti kúrò lórí oyè ni Adams sọ, ìdájọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025 sì wà nínú ìwé.